Kí Aláìsàn Má Ṣubú Lọ́wọ́ Wa

  Ẹ̀yin tí ẹ fúnra yín ń ka ìwé yìí, tí ẹ kò dúró de ọmọ ilé-ìwé kó tó wá kà á fún yín, ẹ kú oríire.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí aláìsàn bá fẹ́ dìde lórí ibùsùn, kí ló yẹ kí a ṣe kó má baà ṣubú? Bí kò bá lè dìde rárá, báwo ni a ṣe máa yí i? Bí ó bá sì ti ṣubú ńkọ́?

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣé ìyẹn náà ní ẹ̀kọ́ nínú? Ta ni kò mọ bí a ti ń gbé ènìyàn dìde?” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè kọsẹ̀, kó ṣubú, kó gbọn ìyanrìn ara rẹ̀ nù, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ti àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun rẹ̀ kò le mọ́ bí ti ìgbà èwe. Ó lè ti orí ibùsùn ṣubú, kí egungun itan rẹ̀ dá níbi tó ti wọ ìbàdí. Láti ọjọ́ náà, ó lè pẹ́ kó tó tún rìn. Ẹlòmíràn kò ní dá rìn mọ́ títí ayé rẹ̀. Nítorí ibà ni wọ́n ṣe gbé e wá sí ilé-ìwòsàn. Ibà ti lọ, ẹsẹ̀ ti dá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ìṣubú ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé tó 684,000. Nínú gbogbo jàǹbá tí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ti ọkọ̀ ojú títì nìkan ló ń pa ènìyàn ju ìṣubú lọ. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá sì kó mẹ́wàá nínú àwọn tó ń kú bẹ́ẹ̀, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, bíi tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Kútọnu ná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ CNHU, ilé-ìwòsàn ńlá tí wọ́n fi sọ orí Hubert Koutoukou Maga, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ wa lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dàhòmè. Bí ọ̀ràn àìsàn bá le ju agbára ilé-ìwòsàn ìtòsí lọ, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni wọn yóò ní kí á gbé e lọ. Ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ rí, tàbí ní ilé-ìwòsàn mìíràn ní Kútọnu, mọ̀ pé aláìsàn kì í dá lọ. Ọmọ á bá a lọ, tàbí aya, tàbí àbúrò. Àwa ará ilé rẹ̀ ni à ń wẹ̀ fún un. Àwa ni à ń fọ aṣọ rẹ̀. Àwa ni à ń mú ọ̀dọ́náǹsì tí dókítà kọ, tí à ń sáré kiri lọ ra oògùn. Àwọn nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní infirmier ní èdè Faransé, kò pọ̀ tó. Lóru, ẹnì kan ṣoṣo lè máa ṣọ́ ibùsùn púpọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ tó máa di aláìsàn mú ní aago méjì òru kì í sábà jẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ yín ni.

Àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún púpọ̀. Àwa tí à ń ṣe é lóru kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi mú un wá sórí rédíò.

Ọ̀nà méjì ni ìfẹ́ máa ń gbà ṣì wá lọ́nà. Àwọn kan á ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kó má mira, kó sinmi. Àwọn kan á sì rọ́ mọ́ ọn, wọ́n á kì í lábẹ́ apá, wọ́n á fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń fa àpò àgbàdo. Méjèèjì kò dára.

Kí ló dé tí kò fi dára kí aláìsàn máa dùbúlẹ̀ ṣáá? Nítorí pé ara tí a kò lò ń rọ. Iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, kí èyí tó dì náà gbéra, kó lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á lójijì. Ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sí i láyà. Awọ ìdí àti ti gìgísẹ̀ á di egbò. Nítorí èyí ni àwọn dókítà fi máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún pé kó dìde, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kejì gan-an. Ará ilé á máa bínú pé, “Wọn kò ṣàánú rẹ̀!” Àánú ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè pé ṣé ó ti tó àkókò tí ó lè dìde. Ẹlòmíràn wà tí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá títí dókítà yóò fi sọ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, bí nọ́ọ̀sì bá ti ní ó lè dìde, ẹ má kánjú. Ẹ wo ilẹ̀ ná. Ṣé omi ń bẹ nílẹ̀? Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ káró sí nínú ilé-ìwòsàn ń dán, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí omi bá kán sórí rẹ̀, ó ń yọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ. Ẹ nu ún. Ẹ kó abọ́ àti báàgì kúrò lọ́nà. Ẹ ká ìró aláìsàn sókè kó má máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. A fẹ́ràn láti ra sálúbàtà tuntun fún ẹni tó ń lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ojú má baà tì wá. Sálúbàtà tuntun tí ìdí rẹ̀ ń dán, tí kò sì ní okùn lẹ́yìn, ti gbé àgbà púpọ̀ ṣubú. Bàtà tó bá a mu, tó di gìgísẹ̀ mú, tí ìdí rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ògbólógbòó.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan àgbà láìsọ̀rọ̀. “Ìyá, a fẹ́ dìde jókòó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká orúnkún yín. Ẹ yí sí ọ̀dọ̀ mi.” Bí ó ti ń yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ létí ibùsùn, kó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, kí ẹ̀yin náà sì ti èjìká rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ti jókòó nìyẹn.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe. Bí ènìyàn bá ti dùbúlẹ̀ pẹ́, tó wá dìde lójijì, ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, èyí tó ń lọ sí orí á dín kù. Òòyì á kọ́ ọ, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí oògùn tó ń mú ni tọ̀, tàbí oògùn oorun, ni ó máa ń ṣe jù. Bákan náà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, bí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nítorí náà, kó jókòó, kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kó máa mi ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè-sódò, kó sì mí kanlẹ̀. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè pé, “Ìyá, ṣé òòyì ń kọ́ yín?” Ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ó bá ń làágùn, tàbí tí ètè rẹ̀ funfun, ẹ dá a padà sórí ibùsùn, kí ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì bá kọjá, tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó lè dìde dúró. Kó tún dúró díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀.

Bí ó bá fẹ́ dìde dúró, kó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn sábẹ́ ara rẹ̀, kó tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ kí àgbà, kó fi ọwọ́ ti ibùsùn. Ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde fúnra rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò nísinsìnyí lórí àga tí ẹ jókòó sí. Ẹ jókòó tààrà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ dìde láìtẹ̀ síwájú. Ṣé ẹ rí i pé kò ṣeé ṣe?

Níbo ni kí ẹ ti dì í mú? Kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe abẹ́ apá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. Ẹ dì í mọ́ ìbàdí aláìsàn, kó le dáadáa ṣùgbọ́n kó má fún un lọ́rùn-inú. Ọ̀já yẹn ni kí ẹ dì mú lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń rìn. Àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ òkèèrè ń fi owó ra ìgbànú kan fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀já wa ń ṣe é bákan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti la ikùn rẹ̀, tàbí tí egbò wà ní ìbàdí rẹ̀, ẹ má ṣe dì í níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e náà, ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn tiyín. Alágbàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá yẹ̀ níbi tó ti ń gbé ọkọ rẹ̀ dìde, ta ni yóò bá a ru ẹrù lọ sí ọjà? Ẹ ya ẹsẹ̀ yín díẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí agbára ti itan wá. Bí aláìsàn bá wúwo ju yín lọ, ẹ pe ẹnì kejì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìtìjú wà níbòmíràn ṣá o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ báyìí. Lójú tèmi, ìtìjú ń gbé àwọn àgbà wa ṣubú tó bí àìlera ṣe ń gbé wọn ṣubú. Bàbá kò fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun gbé póò fún òun. Ìyá kò fẹ́ jí ọmọ rẹ̀ lóru, ó ní ọmọ náà ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fọwọ́ wọ́ ògiri nínú òkùnkùn, wọ́n á máa lọ sí ilé ìtọ̀. Obìnrin kan nínú kíláàsì wa sọ ti ìyá rẹ̀ fún wa. Ó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní Kútọnu nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ara ìyá ti ń yá. Dókítà kọ oògùn, ọmọ mú ọ̀dọ́náǹsì, ó gun zémíjàn, ó lọ. Ilé oògùn àkọ́kọ́ kò ní in, ó tún lọ sí èkejì. Nígbà tó fi padà dé, ìyá ti wà nílẹ̀. Ìtọ̀ ló gbọ̀n ọ́n, kò sì fẹ́ tọ̀ sára. Aládùúgbò tó wà ní ibùsùn kejì ní òun ń pariwo kó dúró, ṣùgbọ́n ìyá ní òun kò ní pẹ́. Egungun itan dá. Oògùn tí ọmọ rà wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Kí ni ìbá ti ṣe? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, kó tó jáde: “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ tọ̀?” Bí ó bá tilẹ̀ ní rárá, kó gbé póò fún un ná. Kí ẹ béèrè kí ẹ tó jáde lọ ra oògùn, kí ẹ béèrè kí ẹ tó lọ wá oúnjẹ, kí ẹ béèrè kí ẹ tó sùn. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá ó lè jẹ́ òwúrọ̀ ni kí ó máa lò ó, kí ó má baà máa dìde lóru. Ẹ fi póò, omi mímu àti tọ́ọ̀ṣì síbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa tó láìnà. Ẹ fi aṣọ ta á níkọ̀kọ̀ kó lè tọ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó. Bí ó bá jẹ́ bàbá, tí ọmọkùnrin wà nílé, kí ọmọkùnrin lọ sùn tì í lóru. Kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìkan.

Bí wọ́n bá gbà yín sí ilé-ìwòsàn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí aláìsàn yín bá ti ṣubú rí ní ọdún yẹn, ì báà ṣe nílé, ì báà ṣe lójú ọ̀nà kànga. Ẹni tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan máa ń tún ṣubú ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ sọ bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n rẹ ibùsùn náà sílẹ̀ bí ó bá ṣeé rẹ̀. Bí iyè rẹ̀ kò bá já gaara, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má ṣe fi okùn dè é mọ́lẹ̀ fúnra yín. Ẹni tí a dè á máa jà, ó lè fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ó lè gbé ibùsùn dojú dé ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ irin tí wọ́n ń gbé sókè létí ibùsùn pàápàá, bí ó bá ń gùn ún kọjá, ibi gíga ni yóò ti já bọ́. Kí ẹnì kan jókòó tì í ló dára jù.

Ó ku ti ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù, tí apá kan ara rẹ̀ kú. Irú wọn pọ̀ láàárín wa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú. Ẹ̀gbẹ́ tó kú ni kí ẹ̀yin dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni yóò ṣubú sí. Bí ó bá fẹ́ kúrò lórí ibùsùn bọ́ sórí àga, ẹ̀gbẹ́ tó le ni kí ẹ gbé àga sí, kí ara tó le máa ṣáájú. Ẹ má fa apá tó kú náà láé. Iṣan tó di èjìká mú ti rọ, bí ẹ bá fà á, èjìká á yẹ̀ kúrò nípò, ìrora rẹ̀ á sì pọ̀ ju ti àìsàn náà lọ.

Ọ̀pá ńkọ́? Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń dùn ún, ọwọ́ wo ni kó fi di ọ̀pá mú? Ọ̀pọ̀ á ní ọwọ́ òsì. Rárá o. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tó le. Ẹ wo ara yín bí ẹ ti ń rìn: bí ẹsẹ̀ òsì bá lọ síwájú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń bá a lọ. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn á jọ gbéra, á jọ tẹlẹ̀. Bí ó bá dúró tó sọ ọwọ́ sílẹ̀, kí orí ọ̀pá dé ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gé ọ̀pá nílé, ẹ kan rọ́bà táyà àtijọ́ mọ́ ìdí rẹ̀ kó má baà yọ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń lo ọ̀pá méjì tó ga dé abẹ́ apá, kó má ṣe fi abẹ́ apá rọ̀ sórí rẹ̀. Ọwọ́ ni kó fi gbé ara, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa kú tipiri.

Bí ẹ bá ń bá aláìsàn rìn, tí ẹ rí i pé ó ti ń ṣubú, ẹ má ṣe bá a jà láti gbé e dúró. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ ṣubú. Ẹ fà á mọ́ra pẹ̀lú ọ̀já yẹn, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ẹ jẹ́ kó máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lára itan yín, ẹ̀yin náà á sì máa tẹ orúnkún títí ìdí rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Orí rẹ̀ ni kí ẹ dáàbò bò jù.

Bí ẹ bá sì bá a nílẹ̀, ẹ má fà á dìde. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Àánú rẹ̀ á ṣe yín, ojú ayé á sì máa tì yín. Ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ẹ bi í pé níbo ló ń dùn ún. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀hún sì kọjú síta, ó ṣeé ṣe kí egungun itan ti dá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ, kí ẹ má sì fi òróró fà á. Bí ó bá fi orí gbálẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá ń bì, tàbí tó ń sùn ju bó ti yẹ lọ, tàbí tó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ gbé e lọ rí dókítà kíákíá. Ẹ má fi ìṣubú pamọ́ nítorí pé ẹ ń bẹ̀rù kí wọ́n má bá yín wí.

Ti ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tàbí igi máńgòrò tún le ju èyí lọ. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti dá. Kí ẹnì kan má gbé e ní apá, kí ẹnì kejì má gbé e lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì má gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí alùpùpù. Kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú tààrà, kí àwọn mẹ́ta yí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń yí ìtì igi, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà lójú kan, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn tàbí pákó sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ̀ gbé e lọ.

Ẹni tí kò lè dìde rárá, yálà ní Kútọnu tàbí nígbà tí ẹ bá gbé e padà wálé, yíyí ni kí ẹ máa yí i. Wákàtí méjì-méjì ni àwọn nọ́ọ̀sì sábà máa ń kà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ má ṣe wọ́ ọ lórí ẹní, nítorí wíwọ́ ló ń bó awọ ara rẹ̀. Ẹ ká aṣọ kan sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ láti èjìká dé itan, kí ẹni méjì di etí aṣọ náà mú ní ọ̀tún àti ní òsì, kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n jọ gbé e. Ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fi òmíràn gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹní. Bí ẹ bá rí ibi tó pọ́n lára rẹ̀, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí kò funfun, egbò ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ má ra á, ẹ má sì jẹ́ kó tún sùn lé ibẹ̀.

Ní ilé tí ènìyàn mẹ́rin ti ń ṣọ́ aláìsàn kan, oníkálukú máa ń rò pé ẹnì kejì ti yí i. Ìwé ló ń parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ojú ewé kan nínú káyé yín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ kọ aago sí apá kan: 6, 8, 10, 12, 2, 4. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ tó sùn lé síwájú rẹ̀: Ọ̀tún. Ẹ̀yìn. Òsì. Kí ẹni tó yí i kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹni tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ kọ, kó fa ìlà kan, kí ọmọ ilé sì kọ́ ọ kó tó di aago tó tẹ̀ lé e.

Ẹ mú ìwé náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà lọ rí nọ́ọ̀sì. Yóò fẹ́ rí i.

A ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.